Iṣẹ́ Mi Tí Luke Fẹ́ Fi Yangàn ní Dùgbẹ̀

Màámi, ẹ fara balẹ̀: wọ́n ti lé mi níbi tí a ti ń ṣe géèmù orí tẹlifíṣàn ní Bódìjà. Ọ̀gá wa, Luke, ní, "Ìyálọ́mọ, lọ tọ́mọ ẹ nílé." Bẹ́ẹ̀ èmi ni mo ṣe é tí kámẹ́rà inú géèmù náà, ìyẹn ojú tí a fi ń wo eré, kì í fi í kọjá ààlà máàpù, tí ẹni méjì bá pín ojú tẹlifíṣàn ṣeré. Ó ní òun ló ṣe é!

Lọ́jọ́ Sátidé, ẹni mẹ́rin ló máa jọ gbá géèmù náà níwájú àwọn olówó tí Luke fẹ́ kó rà á ní Dùgbẹ̀. Ẹni méjì péré ni mo ṣe é fún. Kámẹ́rà á sá jáde, òkùnkùn ni wọ́n á máa wò. Mi ò ní sọ fún un. Ojú á gbà á tì!

Ara wa le koko. Ọmọ mi Ṣemílóore ti ń mu ẹ̀kọ láìsí mílíìkì, kò sunkún. Ẹ bá mi kí Bàámi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fèsì.