Omi Ṣúgà Tí Mò Ń Fún Ọmọ Ẹ

Ọmọ mi,

Ọmọ ẹ ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ti sùn lọ́dọ̀ bàbá ẹ̀ nínú yàrá. Omi ọmú tó o fún sílẹ̀ ku ìgò kan nínú fíríìjì. Kí ọkọ ẹ gbé e sínú omi gbígbóná títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kó má gbé e kaná o.

Mo gbé ọmọ lọ wọ̀n ní ilé ìwòsàn láàárọ̀ yìí. Nọ́ọ̀sì wo ìwọ̀n, ó wojú mi, ó ní, "Màmá, kí lẹ tún ń fún un lẹ́yìn ọmú?" Mi ò lè parọ́. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń po omi ṣúgà fún un tó o bá ti lọ síbi iṣẹ́, torí igbe ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ọmú nìkan ti tó o títí oṣù mẹ́fà, pé adùn tí a bá fi kọ́ ọmọ lẹ́nu lè dá kún sísanra àti àtọ̀gbẹ tó bá dàgbà. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń ṣe, àmọ́ èmi tí mò ń gún ara mi lábẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ láràárọ̀ mọ ohun tó ń sọ.

Má bínú sí mi. Ìwọ náà ò ju ọmọ oṣù méjì lọ tí mo fi padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Omi ṣúgà ni mo fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ọ̀la ni wọ́n ń ṣàyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ fáwọn àgbà níbẹ̀. Èmi àti ìwọ la jọ ń lọ, kí wọ́n yẹ tìẹ náà wò. Mi ò fẹ́ gbọ́ pé iṣẹ́ wà.

Ìyá ẹ