Ọ̀rọ̀ Méjì Tí Ẹ Kò Fi Àmì Sí

Bàbá mi, Tíṣà mi,

Orí àga yín ni mo jókòó sí nínú yàrá àwọn olùkọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣì ń mì. Àwọn ọmọ kíláàsì yín wà nínú gbọ̀ngàn ní ọ̀ọ́kán, wọ́n ń ṣe ìdánwò mọ́ọ̀kì, èyí tí wọ́n fi ń dán wọn wò kí ti gidi tó dé. Lítíréṣọ̀ ti Gẹ̀ẹ́sì ni. Wọn ò jẹ́ kí n wọlé, wọ́n ní ẹni tó kọ́ ọmọ kì í ṣọ́ ọ nídìí ìdánwò. Wákàtí méjì ni, ogún ìṣẹ́jú péré ló sì tíì lọ. Ẹ mọ̀ mí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó ti nǹkan tí kò tíì dé. Ìyẹn ni mo ṣe mú bébà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Láti ìgbà tí a ti sin yín, wọn ò rán ẹnikẹ́ni wá rọ́pò yín. Oṣù méjì gbáko ni ọmọ mẹ́sàn-án fi ń jókòó wo pátákó tí kò sẹ́ni tó kọ nǹkan sí i. Púrínsípà ní òun ti kọ̀wé, wọ́n sì ní kí òun máa retí. Mo bi í pé títí dìgbà wo, ó gbé èjìká. Nígbà tí mo fún un mọ́ ògiri, ó sọ òótọ́ ibẹ̀ fún mi: bí ọmọ márùn-ún ò bá yege nínú mọ́ọ̀kì yìí, òun á fagi lé Lítíréṣọ̀, ẹnikẹ́ni ò ní fi orúkọ sílẹ̀ fún un nínú ìdánwò àṣejáde. Gbogbo ọdún tí ẹ fi dúró níwájú pátákó yẹn, kó wá parí sórí ìlà kan tí wọ́n fi rúlà fà! Mo ní kò lè ṣẹlẹ̀. Mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbi iṣẹ́ mi ní Adó, mo kó ẹrù mi wá sí Ìkọ̀lé.

"Ìmọ̀ ìṣòwò lẹ kà, mádáàmù," Púrínsípà ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ewì kì í ṣe ọjà o."

"Ẹ ṣáà fún mi ní ṣọ́ọ̀kì, sà."

Mo ṣe é bí mo ṣe ń ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì. Mo lẹ tìmútébù mọ́ ògiri. Mọ́ńdè, kókó ọ̀rọ̀. Túsìdè, àhunpọ̀ ìtàn. Wẹ́sìdè, ẹ̀dá ìtàn àti ibùdó ìtàn. Tọ́sìdè, àfiwé. Fúráìdè, tóònù. Mo kọ ìtumọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìlà kan ṣoṣo, mo ní kí wọ́n há a sórí. Wọ́n sì ń kà á bí ọmọ Sọ́ńdè Sùkúù ṣe ń ka àkọ́sórí. Kò tó ọjọ́ kejì tí wọ́n fi ń pè mí ní Àǹtí Tìmútébù. Wọ́n rò pé mi ò gbọ́.

Ẹ̀yin kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ máa ń ka ewì kan kí ẹ tó la ẹnu bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Nígbà tí èmi náà wà ní kíláàsì yín, mo máa ń fi ẹsẹ̀ gbo ilẹ̀ lábẹ́ tábìlì pé kí ẹ tètè bọ́ sí ibi tó kàn. Bí ọmọ kan bá sì dáhùn, ẹ ó fi ṣọ́ọ̀kì kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan péré: "Níbo lo ti rí i?" Kì í ṣe ní kíláàsì nìkan. Bí mo bá ní iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ Màmá, "Níbo lo ti rí i?" Bí mo bá ní ọmọ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ò fẹ́ràn mi, "Níbo lo ti rí i?" Ó máa ń bí mi nínú. Lójú mi nígbà náà, bàbá tí kò gba ọmọ rẹ̀ gbọ́ ni yín. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ẹ fẹ́ kí n máa wo ohun tó wà lójú ìwé, kí n yéé ka ohun tó wà lọ́kàn ara mi.

Fúráìdè ọ̀sẹ̀ kejì ni mo kọ́kọ́ dán wọn wò lórí tóònù. Mo mú ewì kékeré kan nínú ìwé àjákọ yín, èyí tí ẹ fúnra yín fi Gẹ̀ẹ́sì kọ nípa àgbẹ̀ tó ń retí òjò. Mo ní: kí ni tóònù ewì yìí? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí mo gba bébà wọn, Bàbá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún. Àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló fi dò re mí sórí ọ̀rọ̀ Òyìnbó! Bọ́sẹ̀dé, ọmọ Ìjẹ̀ṣà-Iṣu yẹn, tó fẹ́ kàwé di lọ́yà, tó jẹ́ òun ni mo gbọ́kàn lé jù, ó tilẹ̀ fi rúlà fa ìlà sábẹ́ tiẹ̀: re re mí dò, re mí mí.

Ẹjọ́ mi ni. Ìlà kan tí mo ní kí wọ́n há sórí ni "tóònù ni ohùn." Olùkọ́ Yorùbá wọn sì ti kọ́ wọn pé ohùn mẹ́ta ni Yorùbá ní. Kí ni kí wọ́n tún ṣe?

Mo ní ohùn ọkàn ni mo ń sọ, inú tí ẹnì kan fi ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo rédíò tí bátìrì rẹ̀ ti kú. Mo nílò ọ̀rọ̀ kúkúrú kan tí wọn ò ní jà lé lórí. Báàgì mi wà lórí tábìlì, lẹ́tà yín tó gbẹ̀yìn sì wà nínú rẹ̀, èyí tí ẹ fi rán dírẹ́bà sí mi ní Adó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó lọ. Mo ní lọ́kàn mi pé ìyẹn rọrùn: bàbá kan ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ara òun le, kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Tóònù rẹ̀ tutù minimini. Mi ò sọ ẹni tó ni ín. Mo dà á kọ sójú pátákó bí ẹ ṣe kọ ọ́ gan-an, láìsí àmì kankan:

Omo mi, mo ri leta re. Use po lowo re, mo mo. Ma wa. Mama re ti gbon eruku yara re. Mo ti ni ki won ya isu meji soto. Ese n dun mi die, ko to nnkan.

Ọ̀kan nínú wọn pe uṣẹ́ yín, tí ẹ fi pe iṣẹ́, bí ẹni ń ka Gẹ̀ẹ́sì. "Yúùsù pọ̀ lọ́wọ́ rẹ!" Kíláàsì fi ẹ̀rín bú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Pẹ̀lú gbogbo Gẹ̀ẹ́sì yín, Èkìtì ṣì ń yọ ojú nínú lẹ́tà yín.

Mo ní kí Bọ́sẹ̀dé dìde kó kà á dáadáa. Ó kà á dé "Ma wa," ó ní, "Máa wá."

"Má wá ni."

"Máa wá ni, Mà. Àwọn àgbà kì í kọ a méjì."

"Bọ́sẹ̀dé, má wá ni! Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ ọmọ, bàbá ní kó má wá. Ṣé o ò rí i ni?"

Ó wo pátákó, ó wò mí. Kò ṣe àfojúdi rárá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, níbo lẹ ti rí i?"

Mo yíjú sí pátákó kí n fi ìka tọ́ka sí i. Mi ò rí i. Bàbá, mo wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, mi ò rí i.

"Wọ́n ti gbọn eruku yàrá ẹ̀, Mà," ó ń bá tiẹ̀ lọ. "Wọ́n ti ya iṣu sọ́tọ̀. Ta ló ń ya iṣu sọ́tọ̀ fún ẹni tí kò ní wá? Àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ sì ń dùn, tó wá ní kò tó nǹkan..."

"Tóònù ẹ̀ ńkọ́?" mo bi í.

"Ó ń retí ẹni, Mà. Ojú ló ń tì í láti bẹ̀bẹ̀."

Mo fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, mo jáde lọ sẹ́yìn ilé ìkàwé, mo kọjú sí ògiri.

Òótọ́ ibẹ̀ nìyí. Orí ìdúró ni mo wà lọ́jọ́ tí dírẹ́bà gbé lẹ́tà yẹn dé. Ìpàdé kan ti parí, òmíràn ń dúró dè mí. Mo kà á dé "Ma wa," mo ká a. Ó rọ̀ mí lọ́rùn. Mo tilẹ̀ ní lọ́kàn mi pé Bàbá mi ṣeun, ó mọ bí iṣẹ́ ṣe rí. Ìlà mẹ́ta tó kù, mo fi ojú gbá a bí ẹni gbálẹ̀. Nígbà tí mo wá dé, ẹsẹ̀ tí kò tó nǹkan yẹn ti gbé yín lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gé máàkì mi nítorí kọ́mà kan ṣoṣo, kí ló dé tí ẹ ò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ méjì? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ni kò jẹ́ kí ẹ fara balẹ̀? Ṣé ẹ máa ń yọjú sí títì bí mọ́tò Adó bá dúró? Àbí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, kí n lè yan èyí tó wù mí? Mi ò tíì lè bi Màmá. Iṣu méjì yẹn ńkọ́, ta ló jẹ ẹ́?

Mo padà sí kíláàsì, mo sọ fún wọn pé bàbá mi ló kọ ọ́. Mo já tìmútébù lára ògiri. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta là ń ka ewì kan. Ewì méjì péré la lè parí ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ọkàn mi kò sì balẹ̀ lórí rẹ̀. Bí ọ̀nà yín yìí bá ń já wọn kulẹ̀ nínú gbọ̀ngàn báyìí, èmi ni mo pa kíláàsì yín.

Agogo ti lù. Wọ́n ń jáde.

Bọ́sẹ̀dé ló kọ́kọ́ sáré wá. "Mà, tóònù jáde o!"

"Kí lo kọ?"

"Mo kọ́kọ́ kà á lẹ́ẹ̀mẹta." Ó wolẹ̀. "Mi ò dé orí ìbéèrè tó gbẹ̀yìn, Mà. Àkókò lọ."

Mo ní kò burú. Ó burú, Bàbá.

Wẹ́sìdè nìyí, mo tún mú bébà yìí; èsì mọ́ọ̀kì dé láàárọ̀ yìí. Olùkọ́ kan láti Ọyẹ́ ni wọ́n ní kó máàkì rẹ̀, kí wọ́n má bàa ní mo ṣe ojúsàájú. Márùn-ún yege, márùn-ún géérégé. Bọ́sẹ̀dé wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbéèrè kan ṣófo. Ẹnì kan ṣì kọ dò re mí. Púrínsípà ka bébà èsì náà lẹ́ẹ̀mejì, ó wò mí, ó ti rúlà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ta ni yóò wá kọ́ wọn títí di ìdánwò gidi? Ọjọ́ Mọ́ńdè kọ́ ni ìsinmi yín parí?"

Mo ti kọ̀wé sí Adó pé mi ò tíì ń bọ̀. Mi ò dúró de èsì wọn.

Bírò pupa yín ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì yín yìí, ó ṣì ń yọ yíǹkì. Mo tẹ́ lẹ́tà yín sórí tábìlì, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta láti òkè dé ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà mo fi àmì sí i bí ẹ ṣe máa ń ṣe sí iṣẹ́ mi: Máa wá.

Mo ti dé, Bàbá.

Èmi ni,
Ọmọ yín tó ń kánjú, tó wá pẹ́ kó tó dé.