Bírékì Tó Ń Ké

Kàdúná, oṣù kẹjọ, 1984

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ takisí o. Ọlọ́hun á máa sọ̀ yín kalẹ̀ láyọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Màpó. Ara mi le. Ọ̀gá tí mò ń wakọ̀ fún tiẹ̀ ní kí n sinmi fóṣù kan.

Ẹ máa ń sọ pé bírékì tó bá ń ké ò tíì kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró kó ké mọ́. Tèmi ké fọ́jọ́ mẹ́ta, ó wá dákẹ́. Bí páàdì bá ti ha dísìkì, ẹ pààrọ̀ méjèèjì. Ẹ má fi tuntun lé ògbólógbòó. Kò sóhun tó ṣe mí o.

Ẹ bá mi kí Màámi. Ẹ foríjì mí, Bàbá, pé ọwọ́ òsì ni mo fi kọ̀wé sí yín.

Èmi ọmọ yín,
Mùdáṣírù