Ọdún Tí Ẹ Kọ Sábẹ́ Fọ́tò Bàbá Yín

Adétúndé ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé òtútù Jos kò ṣe ọ́ léṣe? Rhoda ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ ńkọ́? O kò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà o. Tiwa náà ò burú, ẹ̀yìn ló kàn ń dùn mí, ewúrẹ́ dúdú sì ti bí méjì.

Ohun tó jẹ́ kí n mú bírò rèé. Nígbà tí o ní kí n fi ṣọ́bìrì àti akoto tí bàbá yín fi wa kúsà, táńganran inú ilẹ̀, ní Rayfield ní Jos níbẹ̀ ránṣẹ́ sí mùsíọ́ọ̀mù tí o ti ń ṣiṣẹ́, mo rò pé ẹ fẹ́ bá wa tún wọn ṣe ni. Àfi bí Mojọlá àbúrò rẹ ṣe fi fọ́tò hàn mí lórí fóònù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kai! Ẹ ti ṣọ́bìrì mọ́ inú gíláàsì, ẹ tún fi okùn yí i ká pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ṣọ́bìrì tí mo fi kó ìgbẹ́ adìẹ lóṣù tó kọjá! Mo ní kí ló jí?

Ìyẹn kéré. Ẹ gbé fọ́tò ìgbà ọ̀dọ́ bàbá yín sókè rẹ̀, ẹ wá kọ 1968 – 1989 sábẹ́. Adétúndé, o ò rí ìwé ìkéde òkú lára ògiri rí ni? Mojọlá ní ọdún tí bàbá yín wọṣẹ́ kúsà àti ọdún tí wọ́n fi í sílẹ̀ ni, èmi gbà, ṣùgbọ́n fọ́tò ti ti fóònù dé fóònù. Tíṣà Bámgbóṣé fi awò sójú, ó ṣírò rẹ̀, ó ní ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni olóògbé, pé ikú ọ̀dọ́ dunni. Mo ní ta wá ni mò ń gúnyán fún láti ọjọ́ yìí?

Kó tó di ọ̀sán, àwọn tó wá kẹ́dùn ti kún ilé, bàbá yín fúnra wọn ló ń gbà wọ́n lálejò. Bí wọ́n bá ti kí wọn kú ará fẹ́ra kù, bàbá yín á ní ẹ ṣeun, wọ́n á gba iṣu. Iṣu mẹ́fà àti àkùkọ kan! Mo ní kí bàbá yín dá a padà, wọ́n ní òkú kì í dá iṣu padà.

Mo ń rẹ́rìn-ín ni o, títí Ìyá Dára, aládùúgbò wa, fi ka ìka lójú mi, tó ní bí bàbá bá kú ní 1989, ta ló bí Mojọlá ní 1992? Haba! Lọ́jọ́ ogbó mi! Ọ̀rọ̀ ti dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń wò mí tìkà-tẹ̀gbin, àwọn òbí àfẹ́sọ́nà Mojọlá sì ń bọ̀ wá mọ̀ wá lóṣù tó ń bọ̀. Ó dùn mí wọra. Mi ò mọ ọkùnrin míì láyé mi, ọmọ tí mo bí ló wá fi bírò bà mí lórúkọ jẹ́.

Nítorí náà, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kíákíá. Bàbá yín ti fi áyọ́ọ̀nù lọ ẹ̀wù kóòtù wọn, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ ní Jos wá dúró ti fọ́tò náà, kí gbogbo ayé fọwọ́ kan àwọn. Má tì wọ́n mọ́ gíláàsì o, ebi kì í pẹ́ pa wọ́n. Kí wọ́n tó dé, kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ 1989 pé: Ó ṣì wà láàyè, òun ló bí Mojọlá.

Ní tìrẹ, ọdún kan ṣoṣo, ọdún tí mo bí ọ, ni yóò máa wà lábẹ́ fọ́tò rẹ, títí o ó fi hewú, tí o ó fi tẹ̀pá. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Kíkẹ́lọmọ, aya ẹni tí kò kú.