Ntate Mohlouoa Letuka (1949–2023), Ẹni Tó Mú Àwòrán Tọ́ Lára Ògiri Róbótó

Dù-dù-dù-dù. Bí a bá ti gbọ́ ìró ẹ̀rọ amúnáwá yẹn láti ẹ̀yìn òkè, kí ọkọ̀ tó yọ rárá, gbogbo wa ní Ha Letuka ti mọ̀ pé Ntate, ìyẹn Bàbá Mohlouoa, ń gbé sinimá bọ̀. Àwọn ni a pé jọ láti sin lónìí.

Abúlé yìí kan náà, ní àgbègbè Mokhotlong, ni a bí wọn sí lọ́dún 1949, ní àsìkò yìnyín. Thesele Letuka, darandaran àgùntàn, ni bàbá wọn; Mamohlouoa, ọmọ ilé Sekete, ni ìyá wọn. Àgùntàn ni wọ́n kọ́kọ́ dà kí wọ́n tó wọ iléèwé ìjọ ní 1959. Ní 1971 wọ́n kó màlúù ìdána lọ sílé àwọn Ntsane, wọ́n sì fẹ́ Nthabeleng.

Ní 1974 wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sinimá alágbèéká. Abúlé wa kò ní ògiri kankan tó tẹ́ pẹrẹsẹ, nítorí náà ara àká ọkà róbótó, tí a fi ẹfun kùn, ni Ntate máa ń tan àwòrán sí. Àga Baálẹ̀ a wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, àwọn ọkùnrin a yí i ká. Àwọn obìnrin a jókòó sórí koríko, lọ́hùn-ún lápá òsì.

Lọ́dún 1987 ni Ntate gbé àwòrán àwọn ọmọ wa tó ń wa kùsà ní Gúúsù Áfíríkà wá. Àwòrán náà kò lóhùn. Ntate fúnra wọn ló ń pe orúkọ ẹni tó bá yọ. Ìyá opó kan wà níbẹ̀, Mè Matšeliso. Tšeliso, ọmọ wọn kan ṣoṣo, kò wálé mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn èèyàn sì ti ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé ilẹ̀ ti ya bò ó. Nígbà tí a pe orúkọ ọmọ náà, ìyá wo ojú tó fẹ̀ bí abọ́ lára àká, wọ́n wo imú tó wọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì fi kúbùsù borí. Wọ́n ní ọmọ àwọn kọ́ nìyẹn. Ọmọ àwọn ti kú, ẹ má fi ẹlòmíì tan àwọn.

Ntate ta kú pé àwòrán tọ́. Baálẹ̀ náà ní ó tọ́.

"Mè, ẹ tún un wò. Ọmọ yín ni."

"Ìwọ wá jókòó síbí, kó o fojú mi wò ó."

Ntate lọ jókòó sáàárín àwọn obìnrin, wọ́n sì gbójú sókè wo àká. Ibẹ̀ ló ti yé wọn pé lára ohun tó bá rí róbótó, ibi tí ojú ẹ̀rọ wà nìkan ni àwòrán ti ń tọ́. Àwọn tó ń dúró ti ẹ̀rọ látọjọ́ yìí kò lè rí àléébù rẹ̀ láé.

Ni wọ́n bá gbé ẹ̀rọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Baálẹ̀. Àwọn ọkùnrin ní àrífín gbáà ni. Baálẹ̀ ní kí wọ́n fi Ntate sílẹ̀. "Bí mo bá rí èèyàn wíwọ́ lónìí, ṣebí mo ti ń rí irú wọn láàárín yín tipẹ́."

Ntate gbé ẹ̀rọ sí ẹ̀bá èjìká Mè Matšeliso, wọ́n tún un tàn. Ìyá wò ó títí. Wọn ò sunkún.

"Ó ti rù," ni wọ́n wí. "Ta ló ń se oúnjẹ fún un níbẹ̀?"

Kérésìmesì ọdún yẹn ni Tšeliso wálé.

Ọ̀ràn náà kò jẹ́ kí Ntate sinmi mọ́. Ṣé ẹ̀rọ kò lè wà láyè rẹ̀, kí àwòrán sì tọ́ lójú ẹni tó jókòó lọ́hùn-ún? Wọ́n fa ilà ní ìbú àti òró sára dígí tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ ń gbà kọjá, wọ́n tàn án sára àká, wọ́n lọ wò ó láti orí koríko. Ilà tó bá tẹ̀ sókè, wọ́n á tún un fà kó tẹ̀ sísàlẹ̀, títí gbogbo rẹ̀ á fi gún lára ògiri. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ohun kan náà ni wọ́n ń fi ìka ṣe. Ní 1996 a pè wọ́n sí iṣẹ́ àwòrán ní Maseru, olú-ìlú wa, ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Alàgbà ìjọ ni wọ́n títí dọ́jọ́ ikú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àárín ìwàásù ni wọ́n sábà máa ń fojú wọn òrùlé.

Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni Nthabeleng aya wọn. Relebohile, Thesele àti Limpho, àwọn ọmọ wọn. Àwọn ọmọ-ọmọ, àti ọmọ-ọmọ-ọmọ kan tó ń jẹ́ orúkọ wọn.

Sùn re o, Ntate, níbi tí yìnyín kì í dé.

Relebohile ló jogún iṣẹ́ náà. Gbọ̀ngàn róbótó ńlá kan ló ń ṣètò ní Maseru, ó sì ń bi bàbá rẹ̀ léraléra bí àwòrán yóò ṣe tọ́ lójú gbogbo ìjókòó lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá kò fèsì. A rò pé àìsàn ni, àṣé wọ́n ń rò ó ni. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ikú wọn ni wọ́n tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù:

"Mo ti wá a títí, mi ò rí i. Béèrè ẹni tó ń retí kí ọmọ rẹ̀ wálé láàárín àwọn tó wá wòran. Ibi tó bá jókòó sí ni kó o jẹ́ kí àwòrán ti tọ́."