Lórí Ọ̀rọ̀ Ìjókòó Tí Wọ́n Ní Mo Jí

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé o sì ń jẹun lásìkò? Bó o bá béèrè èmi bàbá rẹ, mo wà, mò ń mí, ẹsẹ̀ mi tí wọ́n fi símẹ́ńtì rẹ́ nílé ìwòsàn ti ń gbé mi dé ẹnu ọ̀nà. Àdúrà mi ni pé kí ìlú ńlá yẹn má gbé ọ mì, kí o máa rí ná, kí o máa rí lò. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ̀wé sí ọ látìgbà tó o ti padà lẹ́yìn ìsìnkú màmá rẹ, àmọ́ bí mo bá ti mú bírò, òdo ni mo kàn máa ń ya kiri ojú ìwé.

Mo gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ adójútòfò tó o fi mọ́tò wa sí lọ́wọ́ ti pè ọ́ níbi iṣẹ́, pé bàbá rẹ yọ nǹkan lára mọ́tò wọn. Kó o tó gbà wọ́n gbọ́, jẹ́ kí n rò ó fún ọ bó ṣe jẹ́, torí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Wọ́n rán ọkùnrin kan wá wo mọ́tò náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbi tí àwọn tó wọ́ ọ wá já a sí. Bàtà rẹ̀ ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi sọ ọ́ ní Oníbàtà-dídán. Mo rò pé ó wá bá mi kẹ́dùn ni, mo fún un lómi, mo ní Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká tún fi irú èyí kí ara wa mọ́. Ó ṣe àmín, ó jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò mọ́tò. Mo ti dé fìlà dè é, kò ya tèmi.

Ó ní owó tí wọ́n máa fi tún un ṣe ju owó mọ́tò náà fúnra rẹ̀ lọ, torí náà àdánù pátápátá ni lójú àwọn. Ó ní iye tó jẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kí lọ́rí tí bíréèkì rẹ̀ já tó wá kọ lù wá, ni àwọn máa san. Ọ̀rọ̀ náà tù mí lára. Mo ní kó fara balẹ̀ kí n sọ bó ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ náà fún un. Mo ní màmá rẹ ti fi etí aṣọ rẹ̀ nu gíláàsì iwájú, ó ti dá ẹ̀yìn ìjókòó rẹ̀ sẹ́yìn torí ìbàdí tó ń dùn ún, ó sì ń bá mi jà pé mò ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, bẹ́ẹ̀ oníkẹ̀kẹ́ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ yà wá sílẹ̀ ni. Mo ní iye tó jẹ́ nìyẹn. Oníbàtà-dídán ò kọ ìkankan sílẹ̀. Ó ní kìlómítà mélòó ló ti rìn. Mo ní kò síbi tí kò gbé wa dé.

Ó ní bí wọ́n bá ti sanwó, mọ́tò ti di tiwọn, wọ́n á gbé e lọ tà fún àwọn tó ń tú mọ́tò. Mo ní ṣé n ò lè fi í sílẹ̀ sílé ni. Ó ní mo lè ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọ́n á yọ iye tí òkú mọ́tò náà tó kúrò nínú owó mi. Gbọ́ ná, ọmọ mi: mọ́tò mi, nínú àgbàlá mi, wọ́n ní kí n wá rà á lọ́wọ́ àwọn. Mo rẹ́rìn-ín, torí ọ̀rọ̀ tó bá ti ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín. Mo ní kò burú, ẹ máa gbé e lọ, ẹ ṣáà fún mi ní ìjókòó ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà. Ó ní rárá, bí òun ṣe bá a ni wọ́n á ṣe gbé e, nǹkan kan ò gbọ́dọ̀ dín.

Ohun tó sọ ni mo ṣe. Mo ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì wa, ó tú ìjókòó náà, ó ń tú u, ó ń nu ojú. Lẹ́yìn náà la gbé àga ilé ìdáná, èyí tí káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn, a fi wáyà dè é síbẹ̀ pinpin, mo tún tẹ́ tìmùtìmù lé e. Nǹkan kan ò dín nígbà tí wọ́n wá wọ́ mọ́tò náà lọ. Bí a bá ní ká sòótọ́, àwọn ló jèrè. Olè wo lo rí tó ń fi àga sílẹ̀?

Mo tẹ̀ wọ́n láago kí n lè ṣàlàyé. Obìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ tutù, ó ní ìpè mi ṣe pàtàkì sí àwọn, ó dúpẹ́ pé mo ní sùúrù. Mo ní kò tọ́pẹ́, mo béèrè àlàáfíà àwọn òbí rẹ̀, mo sì sọ ti màmá rẹ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó tún dúpẹ́ pé mo ní sùúrù. Orin tó ń dá sí i láàárín ni ò bá mi lára mu, àmọ́ látìgbà tí àwọn abánikẹ́dùn ti lọ, kò sẹ́ni tó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ la wà tí káàdì fi tán.

Jọ̀ọ́, bá mi bẹ̀ wọ́n. Kí wọ́n yọ owó ìjókòó náà, kí wọ́n yọ èyí tó bá wù wọ́n, kí wọ́n má ṣáà wá gbé e. Bó o bá rí nǹkan fi ránṣẹ́, fi ti káàdì fóònù àti ti àga ilé ìdáná kún un, orí àpótí ni mo ti ń jẹun báyìí.

Ìjókòó náà wà ní pálọ̀, ó kọjú sí wíńdò, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì tẹ̀ bí màmá rẹ ṣe fi í sílẹ̀. Mẹkáníìkì fẹ́ nà á ró, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. N kì í jókòó lórí rẹ̀. Mo gbé àpótí mi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, lápá ibi tí dírẹ́bà máa ń wà, a jọ máa ń wo ọ̀nà. Àárò rẹ̀ ń sọ mí gan-an, ọmọ mi.

Àlọ rẹ á dára, àbọ̀ rẹ á sunwọ̀n. O ò ní bá àgbákò pàdé lọ́nà. Ọmọ tí ìwọ náà máa bí á gbẹ̀yìn rẹ. Bó o bá rí màmá rẹ lójú àlá, bá mi kí i.

Èmi ni bàbá rẹ, tí kì í sáré mọ́.