Wọ́n Ti Bàbá Mọ́lé Nítorí Ìpè Sààrì

Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́bọ̀, inú ààwẹ̀.

Àǹtí mi Hanifah,

Mo kí yín láti ilé. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ara yín le ní Abẹ́òkúta níbẹ̀, kí ààwẹ̀ má sì rẹ̀ yín. Ní tèmi, inú ń bí mi débi pé mi ò rí oorun sùn.

Àwọn ọlọ́pàá ti mú Bàbá láti ìjẹta. Olè fọ́ ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan lọ́jà ní ìdájí, wọ́n sì mú Lùkúmánù, ọmọ ẹ̀yìn ilé wa, pé ó mọ̀ sí i. Wọ́n ní fóònù Bàbá pe Lùkúmánù láago mẹ́rin ìdájí ọjọ́ yẹn, ó sì tún pe ogún èèyàn mìíràn tẹ̀ lé e. Wọ́n ní Bàbá ni olórí ẹgbẹ́ olè.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwa la máa ń fi fóònù jí àwọn ará àdúgbò fún sààrì. Èmi ni mò ń pè wọ́n lórí fóònù Bàbá, ohùn Alfa Gbàdàmọ́sí, Ìmáàmù wa, ni mo sì ń fi sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè tètè fò dìde.

Mo bá tẹ̀ lé Màámi lọ sí àgọ́ wọn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ṣe é kí wọ́n gbọ́. Mo húkọ́ bíi ti Alfa, mo ní, "Ẹ̀yin ará, ẹ dìde, Ṣèétánì ló ń fi aṣọ bò yín yẹn. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká sun àsùn-ùn-jí." Kọ́ńsítébù méjì ti ṣe àmín kí wọ́n tó rántí ara wọn. Ọ̀gá wọn rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Kò fi Bàbá sílẹ̀. Ó ní kí Bàbá kọ́kọ́ ṣàlàyé gbogbo ẹni tó ti pè láti oṣù mẹ́ta.

Bó ṣe ń ka nọ́ńbà jáde lójú Màámi nìyẹn. Ó kan ti dókítà kan ní Ìjẹ̀bú-Imùṣin. "Ta nìyí?" Bàbá ní kí wọ́n fo ìyẹn. Ọ̀gá ní kó sọ ọ́ tàbí kó sùn síbẹ̀. Níwájú káńtà ọlọ́pàá ni Màámi ti gbọ́ pé kíndìnrín Bàbá ò dáa mọ́. Ọ̀rọ̀ tí ọkọ ò tíì rí ẹnu sọ fún ìyàwó ẹ̀.

Mo bi ọ̀gá náà pé adájọ́ wo ló fọwọ́ sí i kí wọ́n tó gba àkọsílẹ̀ ìpè Bàbá yẹn. Ó ní òun ní ọ̀rẹ́ nílé-iṣẹ́ fóònù, kí lòun fẹ́ fi adájọ́ ṣe. Àǹtí mi, adájọ́ tó bá gbé Ìjẹ̀bú-Òde ì bá ti bi í ní ìbéèrè kan péré: ṣé inú ààwẹ̀ kọ́ la wà ni? Ọ̀rọ̀ ì bá ti tán síbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ fóònù ń kó àkọsílẹ̀ gbogbo ìpè wa pamọ́, ẹni tó bá sì ti ní ọ̀rẹ́ níbẹ̀ á kàn lọ bù ú bí ẹni bu gàrí.

Bàbá wá ní òun ò ṣàlàyé mọ́. "Ẹ mú ìwé adájọ́ wá kí n tó la ẹnu." Wọ́n dá a padà sátìmọ́lé, wọn ò sì jẹ́ ká gbé oògùn ẹ̀ wọlé.

Ẹ sọ fún lọ́yà tí ẹ ń bá ṣiṣẹ́, kí ẹ jọ máa bọ̀ lọ́la. Adélékè onímọ́tò ni mo fi lẹ́tà yìí rán, torí mi ò fẹ́ kí nọ́ńbà yín náà bọ́ sí wọn lọ́wọ́.

Kí Ọlọ́run mú ọ̀nà rọ̀ fún yín, kó sì jẹ́ kí ẹ bá Bàbá lórí ìdúró.

Èmi ni àbúrò yín,
Ayman

Mo tún rántí: ẹ má wulẹ̀ pè wọ́n, ẹ fẹsẹ̀ ara yín wá. Alfa Gbàdàmọ́sí gan-an pè wọ́n láàárọ̀ yìí láti Ayépé, níbi tó ti lọ ṣe wáàsí, pé òun fẹ́ jẹ́rìí fún Bàbá. Wọ́n ní, "Ayman, yéé ṣeré," wọ́n sì pa fóònù mọ́ ọn létí.